Gáàsì tàbí áyódìnì: kí ni wọ́n fi ń wo iṣan inú ẹ̀dọ̀ nígbà iṣẹ́ TIPS?

TIPS ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń la àbùjá fún ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ tó ti le. Ká ní abẹ́rẹ́ ti wà nínú ẹ̀dọ̀. Dókítà gba iṣan ọrùn ọ̀tún wọlé, ó gba apá ọ̀tún ọkàn kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú iṣan ẹ̀dọ̀ ọ̀tún. Iṣan tó dúró sí yìí hàn lójú ẹ̀rọ. Èyí tó fẹ́ gún, ìyẹn iṣan pọ́tà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun wá sínú ẹ̀dọ̀, wà níwájú rẹ̀ àti nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹran ẹ̀dọ̀ tó ti le ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. X-ray kò lè fi í hàn, torí pé ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ẹ̀dọ̀ kò yàtọ̀ síra lójú rẹ̀. Bó bá ń gún un bí ẹni tó ń táràrà nínú òkùnkùn, ó lè gún awọ ẹ̀dọ̀ yọ sínú ikùn, ó lè ṣèèṣì gún iṣan àlọ tàbí òpó òróòro, gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá sì tún wọlé ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídà ń pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ nǹkan kan sínú iṣan kí iṣan pọ́tà tó yọjú. Oògùn àfihàn la ó máa pe nǹkan náà níbí; àwọn nọ́ọ̀sì wa máa ń pè é ní dáì. Méjì ló wà nílẹ̀ lónìí: omi tí wọ́n fi áyódìnì ṣe, tí gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀, àti gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, ìyẹn CO2. Èrò tiwa ni pé nínú ìṣísẹ̀ yìí gan-an, gáàsì ló yẹ kó ṣíwájú, kí áyódìnì sì gba iṣẹ́ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n gáàsì yìí ní òfin tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì pa òfin náà mọ́ lè fi pa èèyàn.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà

Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbé oúnjẹ nínú ìfun ń gba iṣan pọ́tà wọ ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀, ó ń pín sí àwọn òpó tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí, ẹ̀dọ̀ á yọ ohun tó fẹ́ yọ nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá kóra jọ sínú iṣan ẹ̀dọ̀ ńlá mẹ́ta, ti ọ̀tún, ti àárín àti ti òsì. Àwọn yìí ló ń tú u sínú iṣan àbọ̀ ńlá tó ń gòkè lọ sínú ọkàn.

Nígbà tí àrùn mẹ́dọ̀wú, ọtí, tàbí ọ̀rá tó gun ẹ̀dọ̀ bá ti jà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá á bo ẹ̀dọ̀, á le gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rọ́nà kọjá dáadáa mọ́. Ìfúnpá á ga nínú iṣan pọ́tà, ẹ̀jẹ̀ á sì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà: àwọn iṣan tó yí ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn ká á wú, bí wọ́n bá sì bẹ́, aláìsàn á máa bi ẹ̀jẹ̀. Ti ẹlòmíràn, omi ni yóò máa kún inú rẹ̀, tí wọ́n á máa fà á lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

TIPS jẹ́ àbùjá tí wọ́n ń là fún ẹ̀jẹ̀ yìí. Wọ́n á gún ihò láti inú iṣan ẹ̀dọ̀ bọ́ sínú iṣan pọ́tà, wọ́n á fi bàlúùnù kékeré fẹ ihò náà, wọ́n á wá gbé sítẹ́ǹtì, ìyẹn òpó kékeré oníwáyà tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò, sínú rẹ̀, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8 sí 10 mm. Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti bẹ́, ohun tí wọ́n ń lépa ni kí ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín iṣan pọ́tà àti iṣan àbọ̀ ńlá wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 12 mmHg. Josef Rösch ló kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí hàn lára ẹranko ní 1969. Ní 1982, Ronald Colapinto ní Toronto ṣe é fún èèyàn, ṣùgbọ́n bàlúùnù nìkan ló lò, ihò náà kò sì pẹ́ tó fi ń pa dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1988 ni àwọn dókítà ní Freiburg, ní Jámánì, gbé sítẹ́ǹtì sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà yẹn títí di òní, gígún iṣan pọ́tà ló ṣì le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Kí ló dé tí gáàsì fi ń kọjá ibi tí omi ti ń há?

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí iṣan pọ́tà láti inú iṣan ẹ̀dọ̀ ni kí wọ́n fẹ́ oògùn àfihàn sẹ́yìn, lòdì sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí. Wọ́n á ti kátítà, ìyẹn rọ́bà tín-ín-rín oníhò, títí yóò fi há sínú ẹ̀ka iṣan ẹ̀dọ̀ kan, tàbí kí wọ́n fẹ́ bàlúùnù kékeré sẹ́nu ẹ̀ka náà kó dí i pátápátá. Wẹ́jì ni wọ́n ń pe dídí yìí. Nígbà tí ojú ọ̀nà ti dí, ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ síbẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè gbà ju kó la àwọn òpó tín-ín-rín kọjá lọ bọ́ sínú iṣan pọ́tà.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ti hàn. Omi áyódìnì ki. Iohexol 300, ọ̀kan lára wọn tó wọ́pọ̀ gan-an, ní kíki 6.3 cP (cP ni wọ́n fi ń wọn kíki) bó bá móoru bí ara èèyàn, bó bá sì tutù bí yàrá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Iodixanol 320, tí òun náà jẹ́ omi áyódìnì, ki ju bẹ́ẹ̀ lọ: 11.8 cP nínú ooru ara, ó sì lé ní 26 ní 20°C. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e sínú ẹ̀rọ ìmóoru kí wọ́n tó lò ó. Kíki CO2 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 400 kíki omi áyódìnì lọ. Ibi tí áyódìnì ti ń ti ara rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ipá, gáàsì á yọ́ gbà á kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì.

Nínú ẹ̀dọ̀ tó ti sọ àpá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi áyódìnì kì í dé iṣan pọ́tà rárá. Ó máa ń dúró sínú ẹran ẹ̀dọ̀ bí àbàwọ́n dúdú roboto kan, dókítà tó bá sì tẹ sírínjì sí i kí ó lè dé ibẹ̀ ni ó ń tì í bọ́ sí abẹ́ awọ ẹ̀dọ̀. Àbàwọ́n náà kì í tètè lọ. Ó máa ń bo ibi tí wọ́n fẹ́ wò mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú púpọ̀, àwòrán tó bá tẹ̀ lé e kò sì ní mọ́. Gáàsì ní tiẹ̀ á yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó yára yọ́ ju ọ́síjìn lọ ní ìgbà tó lé ní 20, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn á sì mí i síta ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lè tún un fẹ́ láìsí ohun tó ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Àwòrán méjèèjì tún yàtọ̀ síra. Áyódìnì máa ń dí X-ray, iṣan á sì dúdú. Gáàsì máa ń jẹ́ kí X-ray gba inú rẹ̀ kọjá ju ẹ̀jẹ̀ lọ, iṣan á sì funfun. Ìyàtọ̀ tí gáàsì ń mú wá kéré, torí náà ẹ̀rọ tó lè yọ àwòrán àkọ́kọ́ kúrò lára èyí tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní DSA, ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wò ó. Bí aláìsàn bá mí, tàbí tí gáàsì inú ìfun rẹ̀ bá rìn, àwòrán bàjẹ́ nìyẹn. Àwòrán 4 sí 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n máa ń yà. Bí gáàsì bá já sí wẹ́wẹ́ tí kò kún inú iṣan lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà lè to àwọn àwòrán náà lé ara wọn títí odindi iṣan á fi hàn. Gílúkágọ́ọ̀nù 1 mg lè mú kí ìfun dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde báyìí

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, kíndìnrín rẹ̀ wà létí bèbè ewu. Omi inú ara rẹ̀ ti ṣí lọ sínú ikùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín ti dín kù, bó bá sì tún bi ẹ̀jẹ̀, ó ti burú sí i. Èyí tó máa ń tan àwọn dókítà ọ̀dọ́ jẹ ni àyẹ̀wò kiriátínì, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú iṣu ẹran ara ni kiriátínì ti ń wá, aláìsàn ẹ̀dọ̀ sì ti rù, iṣu ẹran kò sí lára rẹ̀ mọ́. Kiriátínì rẹ̀ lè jẹ́ 1.2 mg/dL, kó dà bíi pé nǹkan dára, nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kú lọ lábẹ́lẹ̀.

Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àwòrán àti ẹgbẹ́ kíndìnrín ní Amẹ́ríkà jọ gbé ìlànà jáde pé ewu tí wọ́n ń di ru áyódìnì tẹ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe rí lọ, àti pé ẹni tí òǹkà iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀, ìyẹn eGFR, ti lọ sí ìsàlẹ̀ 30, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú lójijì, ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún jù. A gba ìlànà yìí gbọ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn TIPS tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sábà máa ń wà lára àwọn tí ìlànà náà ní kí wọ́n ṣọ́ra fún gan-an, áyódìnì tí wọ́n sì máa lò fún un lè kọjá 100 mL bí gígún bá pẹ́. Gbogbo mílílítà tí gáàsì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èrè ni.

Èkejì ni àkókò. Ìlànà Baveno VII, tí àwọn onímọ̀ nípa ìfúnpá iṣan pọ́tà gbé jáde ní 2022, ní kí wọ́n ṣe TIPS fún àwọn tí ewu wọn ga láàárín wákàtí 72 tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì dára jù kó bọ́ sáàárín wákàtí 24. Ẹni tí áyódìnì bá ti bá ara rẹ̀ jà rí, prednisone 50 mg, oògùn tó ń dẹ ìjà ara, ni wọ́n máa ń fún un ní wákàtí 13, wákàtí 7 àti wákàtí 1 ṣáájú. Ẹni tó ń bi ẹ̀jẹ̀, kò ní wákàtí 13 tó máa fi dúró. CO2 kò ní ohun tí ara lè kọ̀ nínú. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọjà. Nígbà tí wọ́n ti ìlú Shanghai pa nítorí Kòrónà ní 2022, ilé iṣẹ́ GE Healthcare tó wà níbẹ̀ dáwọ́ dúró, iohexol àti iodixanol sì di ọ̀wọ́n káàkiri àgbáyé fún oṣù díẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ń ṣírò rẹ̀ ní mílílítà mílílítà. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ tó ti gbàgbé gáàsì tún padà kọ́ ọ.

Gadolíníọ́mù, tí wọ́n ń lò fún MRI, ti gbìyànjú ipò yìí rí. Àwọn kan lò ó dípò áyódìnì fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́, títí di 2006 tí wọ́n rí i pé ó so mọ́ àìsàn kan tó ń mú awọ ara le bí pákó lára irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọ́n pa á tì.

Irvin Hawkins, dókítà ní Yunifásítì Florida, ló jẹ́ kí ayé mọ gáàsì yìí fún wíwo iṣan. Ní 1971, afẹ́fẹ́ lásán ṣèèṣì wọ iṣan àlọ inú ikùn aláìsàn kan. Aláìsàn náà kò kú, iṣan rẹ̀ sì hàn kedere lójú àwòrán. Hawkins bẹ̀rẹ̀ sí í dán CO2 wò láti ìgbà náà, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1982, nígbà tí DSA ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìtàn yìí fojú kéré afẹ́fẹ́ lásán. Náítírójínì tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í yọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ bíi CO2, ó sì ń pani.

Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ gáàsì náà

Òfin àkọ́kọ́: sílíńdà kò gbọ́dọ̀ so mọ́ aláìsàn tààrà, láé. Ìfúnpá inú sílíńdà CO2 ju 800 psi lọ. Bí fáàbù kan bá ṣí ṣèèṣì, gáàsì tó máa wọ ara èèyàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Wọ́n á kọ́kọ́ tú gáàsì sínú àpò rọ́bà tó gba 1500 mL, àpò náà kò sì gbọ́dọ̀ kún débi pé á le. Kó rọ̀ bí ìrọ̀rí tí òwú inú rẹ̀ kò pọ̀. Láti inú àpò tó rọ̀ yìí, ìwọ̀n tí sírínjì bá fà nìkan ló lè jáde. Fáàbù tó ń gbà gáàsì sápá kan ṣoṣo ló wà láàárín àpò, sírínjì àti kátítà, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà, kí afẹ́fẹ́ má sì bàa wọlé. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn gáàsì náà fúnra wọn ti wà lọ́jà, ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Gáàsì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìṣègùn, èyí tí mímọ́ rẹ̀ tó 99.99%, kó sì gba inú asẹ́ kékeré kọjá kí kòkòrò àti ìpẹtà sílíńdà má bàa bá a wọlé. Sílíńdà tí wọ́n fi ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí tí àwọn wẹ́dà ń lò kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó pọ̀ tó nígboro.

Wọ́n á kún àpò náà, wọ́n á tú u dànù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí afẹ́fẹ́ àtijọ́ inú rẹ̀ tó tán. Bákan náà ni sírínjì. Sírínjì tí gáàsì wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, torí pé CO2 á máa jáde, afẹ́fẹ́ á sì máa rọ́pò rẹ̀, kò sì sí àwọ̀ tàbí òórùn tó máa fi yé ẹnikẹ́ni. CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀, nítorí náà bí ó bá di dandan kí ẹnu sírínjì ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, òkè ni kó kọjú sí.

Ó wá kan inú kátítà. Kí wọ́n tó fẹ́ gáàsì gan-an, wọ́n á kọ́kọ́ fi 3 sí 5 mL rẹ̀ ti omi iyọ̀ tó wà nínú kátítà jáde. Ìṣísẹ̀ kékeré yìí ló ń gba ẹ̀mí là, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ń fò. Gáàsì ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá dí ẹnu kátítà, ẹni tó ń tẹ sírínjì á rò pé gáàsì ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn omi ló ń kóra jọ sí. Nígbà tí omi bá já, gbogbo gáàsì náà á bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan bí ìbọn, nínú iṣan tó ti há, nínú ẹ̀dọ̀ tó le, létí awọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fẹ́ nǹkan bíi 5 mL láti dán an wò: ṣé kátítà há dáadáa, ṣé kò sún mọ́ awọ ẹ̀dọ̀ jù, ṣé gáàsì kò máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ? Bó bá dára, 30 sí 40 mL, ní wọ́ọ́rọ́wọ́, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ni wọ́n á fẹ́ bí aláìsàn ti dá èémí dúró. Wíwọn ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ti parí kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, torí fífẹ́ lè yí òǹkà padà. Òǹkà yẹn ṣe pàtàkì: ìyàtọ̀ ìfúnpá nínú ẹ̀dọ̀ tó pé jẹ́ 1 sí 5 mmHg, láti 10 lọ ni ewu ti bẹ̀rẹ̀, láti 12 lọ ni iṣan wíwú ti lè bẹ́.

A fara mọ́ bàlúùnù ju kátítà lásán tí wọ́n tì há lọ. Bàlúùnù máa ń dí ẹ̀ka tó tóbi, gáàsì á tàn ká ibi púpọ̀, ìfúnpá kò sì ní kóra jọ sójú kan. Kátítà tó há sínú ẹ̀ka tín-ín-rín létí awọ ẹ̀dọ̀ ló máa ń fa ìjàǹbá jù, gáàsì ni wọ́n lò o, áyódìnì ni wọ́n lò o.

Ibi tí nǹkan ti máa ń dàrú

Yíya awọ ẹ̀dọ̀ ló burú jù. Gáàsì tó bá jáde sínú ikùn kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ara á mu ún. Ihò tó gbà jáde ni wàhálà, torí pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ẹ̀dọ̀ kì í tètè dì. Àmì rẹ̀ lójú àwòrán ni gáàsì tó lọ tò sí etí ẹ̀dọ̀ bí ìlà òṣùpá. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á dáwọ́ fífẹ́ dúró, wọ́n á máa ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń jáde, wọ́n á gba inú kátítà yẹn náà fi nǹkan dí ihò kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Èkejì ni kí gáàsì dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ọkàn. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó yọ́ tán, ó lè kóra jọ sẹ́nu iṣan tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ̀jẹ̀ má rí ibẹ̀ kọjá. Ìfúnpá á wálẹ̀ lójijì, ọ́síjìn á já. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí apá ọ̀tún rẹ̀ wà lókè, kí orí wálẹ̀ díẹ̀, kí gáàsì lè kúrò lẹ́nu iṣan náà. Bí kátítà bá wà nítòsí, wọ́n á fi fà á. Kí ó má bàa dé ibẹ̀, wọn kì í fẹ́ ju 100 mL lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láàárín fífẹ́ kan àti òmíràn. Ẹni tó bá fura pé afẹ́fẹ́ ti darapọ̀ mọ́ gáàsì, kó gbé X-ray sórí àyà. CO2 gbọ́dọ̀ ti pòórá níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni.

Ó ku ti ọpọlọ. CO2 kò gbọ́dọ̀ gba inú iṣan àlọ dé orí. Inú iṣan àbọ̀ ni iṣẹ́ TIPS ti ń wáyé, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń sẹ́ gáàsì kó tó dé apá òsì ọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ihò kékeré wà láàárín apá méjèèjì ọkàn wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀ kan sì wà tí àìsàn náà ti fẹ àwọn iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró wọn débi pé asẹ́ náà ti ya. Àyẹ̀wò ọkàn, tí wọ́n fi ń wo bóyá omi iyọ̀ tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ èéhó afẹ́fẹ́ ń kọjá sápá òsì, ló ń fi èyí hàn. Wọ́n máa ń yẹ ọkàn wò kí wọ́n tó ṣe TIPS bákan náà, nítorí náà kò sí àwáwí pé a kò mọ̀. Fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, áyódìnì tí wọ́n ṣọ́ lò sàn ju gáàsì lọ.

Náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáìdì kò gbọ́dọ̀ wà nínú oògùn akunilóorun. Ó máa ń wọnú èéhó gáàsì tó bá wà nínú iṣan, á sì mú kó wú sí i. Ẹni tí ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ga tàbí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ gidi náà gba ìṣọ́ra, torí òun ló máa mí gáàsì síta.

Ohun tí áyódìnì ṣì ń ṣe ju gáàsì lọ

Gáàsì máa ń léfòó. Nígbà tí aláìsàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó máa ń gòkè sí iwájú, torí náà ẹ̀ka òsì iṣan pọ́tà máa ń hàn dáadáa, ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún sì lè má hàn. Yàtọ̀ sí èyí, orí ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì ń lé sí, kì í fi gbogbo ìgbà kún inú iṣan, iṣan á sì dà bíi pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó bá fi gáàsì wọn iṣan lè mú sítẹ́ǹtì tí kò bá a mu.

Ìwọ̀n sì ni gbogbo rẹ̀ nígbà tí ihò bá ti là. Sítẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún TIPS gan-an ní apá 2 cm tí awọ kò bò, èyí tó ń dúró sínú iṣan pọ́tà kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Apá tí awọ bò gbọ́dọ̀ dé ibi tí iṣan ẹ̀dọ̀ ti wọ iṣan àbọ̀ ńlá. Bí ó bá kúrú, iṣan ẹ̀dọ̀ tó ṣẹ́ kù á fún, àbùjá á sì dí. Bí ó bá gùn jù, á yọ sínú iṣan àbọ̀ ńlá tàbí kó dé ọkàn, á sì di ìṣòro fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Kátítà tó ní àmì sẹ̀ǹtímítà lára àti omi áyódìnì ni wọ́n fi ń wọn èyí. Áyódìnì náà ló ń fi hàn bóyá abẹ́rẹ́ wọ iṣan pọ́tà nínú ẹ̀dọ̀ lóòótọ́ tàbí lẹ́yìn òde rẹ̀. Ibi tí iṣan pọ́tà ti là sí méjì máa ń wà lóde ẹ̀dọ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ìhò tí wọ́n bá sì lu níbẹ̀ lè da ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn ní fàlàlà.

Fún àwọn tí iṣan ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ti dí, ìyẹn àrùn Budd-Chiari, áyódìnì díẹ̀ tí wọ́n rọra fẹ́ síbi tí kátítà bá lè dé máa ń fi àwòrán kan hàn tó dà bí òwú aláǹtakùn: àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú wẹ́wẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti là fúnra rẹ̀. Gáàsì kì í sábà fi fínnífínní rẹ̀ hàn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà mìíràn, kò sí èyí tó máa fi iṣan pọ́tà hàn nínú méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú rẹ̀. Tàbí kí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà láti iṣan ẹ̀dọ̀ kan sí òmíràn, tí gáàsì á máa gbà sá lọ. Wọ́n á sún bàlúùnù wọlé sí i tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí iṣan míràn. Àwọn ibùdó tó lówó ti ń lo ẹ̀rọ sikáànù kékeré tí wọ́n ń tì wọ inú ọkàn tàbí inú iṣan àbọ̀ ńlá, èyí tó ń fi abẹ́rẹ́ àti iṣan pọ́tà hàn lẹ́ẹ̀kan náà láìsí oògùn àfihàn kankan. Ibi tí iṣẹ́ yìí ń lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́n ni kátítà rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n lò.

Nílé wa ńkọ́?

Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NAIIS, tí wọ́n ṣe ní 2018, rí mẹ́dọ̀wú irú B lára 8.1% àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Àìsàn tó ń gbé èèyàn dé orí tábìlì TIPS pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n TIPS fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Oògùn àti fífi rọ́bà di iṣan wíwú láti ẹnu ni ọ̀pọ̀ ń rí gbà, àwọn tó bá sì lágbára máa ń rìnrìn àjò. Àtọ̀sí ajá, ìyẹn bilharzia, irú tó ń bá ìfun jà, náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nílẹ̀ wa àti ní Bràsíl. Ó ní ohun kan tó yẹ kí dókítà mọ̀: kí ẹ̀jẹ̀ tó dé àwọn òpó tín-ín-rín ni ìdínà tirẹ̀ wà. Ìfúnpá tí wọ́n bá wọ̀n ní wẹ́jì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti ẹni tó pé, kí iṣan ọ̀nà ọ̀fun sì ti wú gidi.

Ẹni tí wọ́n bá dá lọ́jọ́ fún iṣẹ́ yìí, nílé tàbí lókè òkun, kí ó sọ fún dókítà bí áyódìnì bá ti bá a jà rí, bí ó bá ń lo metformin tó jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, bí wọ́n bá ti sọ fún un rí pé ihò wà nínú ọkàn rẹ̀, àti bí èémí rẹ̀ bá máa ń kúrú nígbà tó bá jókòó, tó sì ń rọ̀ ọ́ nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣàjèjì, àwọn aláìsàn kì í sì í kà á sí. Ó wà lára àmì pé iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ̀, àyẹ̀wò ọkàn tó ní èéhó ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó so àpò gáàsì mọ́ kátítà.